Géèmù inú fáìlì ISO kọ̀, kò wọ kọ̀ǹpútà: bí ẹ ṣe lè wá ibi tó ti já

Ẹ ti ṣe mount fáìlì ISO, ìyẹn ni pé ẹ ti jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kà á bí dísìkì gidi, dráìfù tuntun ti yọjú, ẹ tẹ setup, ètò tó ń gbé géèmù wọ kọ̀ǹpútà, ó lọ díẹ̀, ó dúró. Tàbí kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe lẹ́yìn èyí ni pé wọ́n á pa antivirus, wọ́n á máa dáńlóòdù fáìlì DLL (fáìlì ìrànwọ́ tí ètò ń lò) láti ibi tí wọn kò mọ̀, àwọn mìíràn á tilẹ̀ nu gbogbo Windows kúrò kí wọ́n tó tún un gbé sórí ẹ̀rọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi mẹ́rin ni iṣẹ́ yìí ti lè já: lára fáìlì fúnra rẹ̀, níbi mount, nínú setup, tàbí nígbà tí géèmù fẹ́ ṣí lẹ́yìn tó ti wọlé tán. Ìkìlọ̀ tó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà kì í sábà sọ èyí tó jẹ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀yin lẹ máa wá a, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí jù.

Windows 10 àti 11 ni mo fi ṣe àlàyé yìí. Mo máa fẹnu ba Linux àti Mac nísàlẹ̀. Géèmù tó jẹ́ tiyín ni mo sì ń sọ: èyí tí ẹ fúnra yín ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti orí dísìkì tí ẹ rà, tàbí èyí tí ẹni tó ni ín gbé jáde ní ISO.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ṣé fáìlì náà pé?

Gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ni a kó sínú fáìlì ISO. Ìpín kéékèèké ni dátà náà wà, 2,048 báìtì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìpín kan ṣoṣo bá bàjẹ́ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, mount á ṣì ṣiṣẹ́, ẹ ó rí àwọn fódà, setup á bẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní rí àmì kankan títí setup fi máa dé orí ìpín tó bàjẹ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń kú sí ojú kan náà nígbàkigbà tí ẹ bá tún un ṣe. Tó bá jẹ́ ojú kan náà ló ń dúró sí, fáìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tí ibi tó ń dúró sí bá ń yí padà, RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) tàbí háàdì dísìkì ni kí ẹ fura sí. Mo máa dé orí ìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí fáìlì ṣe tóbi tó. CD gbà tó 700 MB, DVD onípele kan gba 4.7 GB, onípele méjì gba 8.5 GB. Windows máa ń ṣírò lọ́nà tirẹ̀, nítorí náà DVD tó kún, tí wọ́n kọ 4.7 GB sí lára, máa hàn bí 4.37 GB. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Ohun tó yẹ kó kọ yín lóminú ni fáìlì tó dúró sí 4 GB gẹ́lẹ́, ìyẹn 4,294,967,295 báìtì. Ibẹ̀ ni agbára FAT32, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí a ń gbà to fáìlì sórí flash, mọ, ọ̀pọ̀ flash ló sì jẹ́ FAT32 láti ilé iṣẹ́. Bí ISO bá gba orí irú flash bẹ́ẹ̀ kọjá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gé ìrù rẹ̀. Ẹ tún flash náà ṣe (format) sí exFAT tàbí NTFS, kí ẹ sì tún fáìlì gbé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹ rántí pé ìtúnṣe yìí máa nu gbogbo ohun tó wà lórí flash.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ hash rẹ̀ wò. Hash ni àmì gígùn kan tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò láti inú gbogbo báìtì tó wà nínú fáìlì. Bí báìtì kan bá yàtọ̀, àmì náà á yàtọ̀ pátápátá. Ẹ ṣí Command Prompt, fèrèsé tí a ti ń kọ àṣẹ fún Windows, kí ẹ kọ ọ́ báyìí, kí ẹ fi ibi tí fáìlì yín wà rọ́pò tèmi:

certutil -hashfile "D:\Geemu\ere.iso" SHA256

Ẹ fi èyí tó jáde wé èyí tí ẹni tó gbé géèmù jáde kọ sójú ewé rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣe ẹ̀dà náà láti orí dísìkì yín, kò ní sí hash kankan láti fi wé e. Ẹ ṣe ẹ̀dà náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wo hash méjèèjì. Tí wọn kò bá bára mu, dísìkì ti ní ìfárá tàbí ó dọ̀tí. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nù ún láti àárín lọ sí etí, ẹ má ṣe nù ún yípo, kí ẹ tún un ṣe, lórí dráìfù mìíràn bí ẹ bá ní.

Bí ISO bá wà nínú RAR alápá púpọ̀, tí orúkọ wọn ń lọ bíi part1.rar, part2.rar, kí gbogbo wọn wà nínú fódà kan ṣoṣo, kí ẹ sì tú u láti apá kìíní nìkan. Àwọn apá yòókù á tẹ̀ lé e fúnra wọn. Bí 7-Zip tàbí WinRAR bá kígbe CRC, ìyẹn ìkìlọ̀ pé dátà ti bàjẹ́, ó sábà máa ń dárúkọ apá tó bàjẹ́, apá yẹn nìkan ni ẹ máa tún dáńlóòdù. Ẹ má sì gbìyànjú láti ṣe mount ISO tó ṣì wà nínú zip. Ẹ tú u síta ná. Bákan náà ni tó bá wà nínú fódà OneDrive: ẹ rí i dájú pé ó ti wà lórí ẹ̀rọ yín ní tòótọ́. Àmì àwọsánmà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí pé orúkọ lásán ló wà lọ́dọ̀ yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: irú fáìlì wo ni?

Láti ìgbà Windows 8, ní 2012, ni Windows ti ń ṣe mount ISO fúnra rẹ̀. Windows 7 kò lè ṣe é láìsí ètò mìíràn. Àmọ́ nínú àwọn fáìlì dísìkì géèmù, ISO nìkan ló mọ̀. Bí tiyín bá jẹ́ BIN pẹ̀lú CUE, MDF pẹ̀lú MDS, NRG, tàbí CCD pẹ̀lú IMG àti SUB, ẹ nílò ètò bíi WinCDEmu, ọ̀fẹ́ ni, ó sì mọ gbogbo wọn. Ẹ má ṣe yí orúkọ .bin padà sí .iso kí ẹ máa retí pé yóò ṣiṣẹ́. Ìpín 2,352 báìtì ni BIN sábà máa ń ní, nígbà tó jẹ́ pé 2,048 ni Windows ń retí lọ́dọ̀ ISO. Ohun tó máa kà kò ní yé e.

Fáìlì CUE ni mo fẹ́ kí ẹ fún láfiyèsí. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀, Notepad lè ṣí i:

FILE "ere.bin" BINARY
  TRACK 01 MODE1/2352
    INDEX 01 00:00:00
  TRACK 02 AUDIO

Orúkọ tó wà ní ìlà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bá orúkọ fáìlì BIN mu gẹ́lẹ́. Bí ẹnì kan bá ti yí orúkọ BIN padà láìfọwọ́ kan CUE, mount á kùnà, kò sì ní sọ ìdí rẹ̀. Ẹ tún orúkọ yẹn kọ, kí ẹ tọ́jú rẹ̀, ó parí. CUE sì ni ẹ máa ṣe mount, kì í ṣe BIN. Ẹ tún wo ìlà tó sọ AUDIO: orin géèmù nìyẹn, bí orin CD lásán ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sórí dísìkì. ISO kò lè gbé irú orin bẹ́ẹ̀. Bí géèmù àtijọ́ kan bá wọlé dáadáa ṣùgbọ́n tí orin rẹ̀ dákẹ́ ròró, ISO ni wọ́n fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ tún ẹ̀dà ṣe ní BIN àti CUE.

Ohun mìíràn tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú: ISO tí mount rẹ̀ ṣiṣẹ́, àmọ́ tí kò sí setup kankan nínú rẹ̀. Ẹ wo àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí fódà PSP_GAME pẹ̀lú UMD_DATA.BIN, géèmù PSP ni. Bí ẹ bá rí SYSTEM.CNF, géèmù PlayStation ni, ti àkọ́kọ́ tàbí ti kejì. Wọn kò ṣe é fún Windows rárá, emulator, ètò tó ń ṣe bí ẹ̀rọ géèmù, ló ń lò wọ́n, kò sì sí setup tí ẹ máa rí láé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: mount fúnra rẹ̀ kọ̀

Bí ẹ bá tẹ ISO lẹ́ẹ̀mejì tó jẹ́ pé WinRAR tàbí ètò tó ń kọ DVD ló ṣí, ètò yẹn ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Windows ni. Ẹ fi máòsì tẹ̀ ẹ́ lápá ọ̀tún, kí ẹ yan Open with, lẹ́yìn náà Windows Explorer. Tàbí kí ẹ ṣí PowerShell, kí ẹ kọ:

Mount-DiskImage -ImagePath "D:\Geemu\ere.iso"

Ìkìlọ̀ tó ń sọ pé fáìlì gbọ́dọ̀ wà lórí NTFS, kò sì gbọdọ̀ wà nínú fódà tí wọ́n fún pọ̀, jẹ́ òótọ́ nígbà mìíràn. Ẹ gbé ISO lọ sí C:\ISO, ní fódà lásán, kí ẹ tún gbìyànjú. Bó bá ṣì kọ̀ bẹ́ẹ̀ tó sì dá yín lójú pé NTFS ni, ó ṣeé ṣe kí ètò tí ẹ fi dáńlóòdù ti fi àmì sparse sí fáìlì náà lára, ìyẹn àmì tó ń sọ pé àwọn ibi kan nínú rẹ̀ ṣófo. Windows kì í ṣe mount irú rẹ̀. Ẹ ṣí Command Prompt pẹ̀lú Run as administrator, kí ẹ kọ:

fsutil sparse setflag "C:\ISO\ere.iso" 0

Bí ó bá ní ètò mìíràn ń lo fáìlì náà lọ́wọ́, ẹ wo This PC bóyá ẹ ti ṣe mount rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ tẹ dráìfù yẹn lápá ọ̀tún, kí ẹ yan Eject. Bí mount bá ṣe é ṣe ṣùgbọ́n tí dráìfù kò yọjú, ẹ ṣí Disk Management, ẹ ó rí i níbẹ̀ láìní lẹ́tà, kí ẹ fún un ní lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò lò.

Bí Windows bá sọ pé disc image náà ti bàjẹ́, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní. Kò sí ọgbọ́n mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: setup ń bẹ̀rẹ̀, kò ń parí

Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa mú nínú gbogbo ohun tí mo kọ, kó jẹ́ èyí: ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú dráìfù ISO sínú fódà kan lórí háàdì dísìkì, bíi C:\Disiki, kí ẹ sì ṣí setup láti ibẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni èyí ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń fi ibi tí kò ṣeé kà hàn yín, nítorí láti kó o, Windows gbọ́dọ̀ ka gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé hash nìkan ló lè fi báìtì tó yí padà hàn. Bí kíkó náà bá kùnà lórí fáìlì kan pẹ̀lú ìkìlọ̀ cyclic redundancy check, ẹ ti mọ orúkọ ohun tó bàjẹ́. Ó sì ń mú kí setup bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro dráìfù, nítorí àwọn setup kan ń fẹ́ kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹnikẹ́ni kò sì lè kọ nǹkan kan sórí ISO.

Ẹ tẹ setup.exe lápá ọ̀tún, ẹ yan Run as administrator. Bí ISO bá wà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí ẹ so pọ̀ nípasẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, setup tó ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó lè má rí lẹ́tà dráìfù yẹn rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin ń rí i. Ìdí mìíràn nìyẹn láti kó o wá sórí ẹ̀rọ yín.

Ọ̀rọ̀ tó kan àwa tí à ń kọ Yorùbá dáadáa rèé, mi ò sì tíì rí i kí àwọn tó ń kọ irú ìtọ́sọ́nà yìí mẹ́nu bà á. Ọ̀pọ̀ setup àtijọ́ kò mọ ẹ, ọ àti ṣ tó ní àmì nísàlẹ̀, wọn kò sì mọ àmì ohùn lórí fáwẹ́lì. Bí fódà yín bá ń jẹ́ C:\Eré Mi\Dísìkì, setup lè sọ pé òun kò rí fáìlì tó wà níwájú yín kedere. Ẹ fi orúkọ tí kò ní àmì kankan sí i. Èyí tó tún fara sin ju ìyẹn lọ ni orúkọ tí ẹ fi ṣí àkáǹtì Windows. Bí ẹ bá fi àmì sí i, fódà tí setup ń kó ẹrù rẹ̀ sí fúngbà díẹ̀ wà lábẹ́ orúkọ yẹn. Ẹ má yí orúkọ yín padà. Ẹ ṣẹ̀dá fódà C:\Temp, kí ẹ wá Edit environment variables for your account nínú Start, kí ẹ sì darí TEMP àti TMP méjèèjì síbẹ̀. Orúkọ gígùn náà lè dí wọn lọ́wọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ètò àtijọ́ kò lè gba ọ̀nà fáìlì tó bá ju lẹ́tà 260 lọ.

Àyè ńkọ́? Bí ISO bá jẹ́ 8 GB, tí ẹ tún kó o sínú fódà, 16 GB nìyẹn kí géèmù tó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó tún nílò àyè tirẹ̀, setup sì ń kó ẹrù sí TEMP lórí C: kódà bí ẹ bá yan D: fún géèmù. Ìyẹn ni setup fi ń sọ pé àyè kò sí nígbà tí D: ṣófo. Bí ẹ bá ti darí TEMP sí dráìfù tó láyè, ó tán.

Ní ti ibi tí ẹ máa gbé géèmù sí, C:\Games dára ju Program Files lọ fún géèmù àtijọ́. Windows ń dáàbò bo Program Files, géèmù tí wọ́n ṣe ṣáájú Windows Vista sì sábà máa ń fẹ́ tọ́jú ibi tí ẹ bá eré dé sínú fódà ara rẹ̀.

Àwọn nọ́ńbà tó máa ń yọjú: 1618 túmọ̀ sí pé ètò mìíràn ń wọlé lọ́wọ́. Ẹ dúró kó parí, tàbí kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. 1603 gbòòrò, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò bóyá fódà tí ẹ yàn jẹ́ èyí tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ dátà tì (encrypted), tàbí èyí tí Windows fúnra rẹ̀ kò ní àṣẹ láti kọ nǹkan sí. Bí setup bá ń lo fáìlì .msi, ẹ lè jẹ́ kó kọ ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀:

msiexec /i "C:\Disiki\ere.msi" /l*v C:\Temp\itan.txt

Ẹ ṣí itan.txt, kí ẹ wá Return value 3 nínú rẹ̀. Ìlà díẹ̀ tó wà lókè rẹ̀ ló máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Tí setup bá kọ̀ láti ṣí rárá, tí Windows ń sọ pé ètò yìí kò lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yín, ẹ wo ọjọ́ orí géèmù. Windows 64-bit kò lè ṣí ètò 16-bit, irú tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà àtijọ́, Windows 11 kò sì ní ẹ̀dà mìíràn ju 64-bit. Àwọn géèmù kan wà láti àwọn ọdún 1990 tó jẹ́ pé 32-bit ni wọ́n, wọn ì bá ṣiṣẹ́, àmọ́ 16-bit ni setup wọn. Fún géèmù DOS, DOSBox, ètò tó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà DOS, ni ojútùú, ó sì ń ṣe mount fúnra rẹ̀:

imgmount d "C:\Geemu\ere.cue" -t iso

Fún géèmù Windows 95 tàbí 98, ẹ wò ó bóyá ScummVM, ètò tó ń ṣí àwọn géèmù àtijọ́ kan, mọ̀ ọ́n. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gbé Windows àtijọ́ kan sínú VirtualBox, ètò tó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú kọ̀ǹpútà yín. Ẹ má ṣe fi ọ̀sẹ̀ kan jìyà lórí Compatibility mode (ibi tí Windows ti ń ṣe bí Windows àtijọ́ fún ètò kan) fún setup 16-bit, kò lè ràn yín lọ́wọ́ lórí ìyẹn.

Dísìkì kejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Setup rántí lẹ́tà dráìfù tó ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ nìkan ló sì ń wò. Bí ẹ bá ṣe mount dísìkì kejì tí Windows fún un ní F: nígbà tí ti àkọ́kọ́ wà ní E:, setup á máa béèrè dísìkì kejì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ yọ àkọ́kọ́ kúrò ná, kí ẹ tó fi èkejì sí i, kó lè gba E: náà. Virtual CloneDrive rọrùn jù fún èyí, nítorí dráìfù rẹ̀ kì í yí lẹ́tà padà. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ kó gbogbo dísìkì sínú C:\Disiki kan náà. Nígbà tí Windows bá béèrè bóyá kó fi setup.exe tàbí autorun.inf ti dísìkì kejì rọ́pò ti àkọ́kọ́, ẹ sọ pé kó fo wọ́n. Ọ̀pọ̀ setup á rí ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò ní béèrè nǹkan kan. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má tíì pa àwọn ISO rẹ́.

Antivirus. Ibi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Tí fáìlì kan bá sọnù láàárín iṣẹ́, ẹ ṣí Windows Security, kí ẹ wọ Virus & threat protection, kí ẹ ka Protection history. Ó máa sọ ohun tó mú àti ìdí. Bí hash ISO yín bá bá ti ẹni tó gbé e jáde mu, tàbí bó bá jẹ́ láti orí dísìkì yín ni, ẹ lè dá fáìlì kan ṣoṣo yẹn padà. Ẹ má pa gbogbo ààbò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ISO fún yín pẹ̀lú àlàyé pé ẹ gbọ́dọ̀ pa antivirus kó tó lè wọlé, ẹ pa ISO náà rẹ́. Àwọn olè ti fẹ́ràn ISO fún ọjọ́ pípẹ́, nítorí àmì tí Windows máa ń fi sí ohun tó wá láti íntánẹ́ẹ̀tì kì í dé ara àwọn fáìlì inú ISO. Oṣù kọkànlá 2022 ni Microsoft tó dí ihò yẹn. Ìyẹn náà ló fà á tí Windows fi lè máa béèrè ìdánilójú lọ́wọ́ yín nísinsìnyí lórí setup tí kò yọ yín lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Bí ibi tó ti wá bá dá yín lójú, ẹ ṣí Properties ISO náà kí ẹ tó ṣe mount, kí ẹ fi àmì sí Unblock.

Mo ní mo máa padà sórí RAM. Setup tó fún dátà pọ̀ gan-an máa ń lo RAM gidi nígbà tó bá ń tú u. RAM tó ní àbùkù kékeré lè má yọ yín lẹ́nu níbi iṣẹ́ ojoojúmọ́, kó wá ba dátà kan jẹ́ níbi yìí, kí setup sọ pé fáìlì bàjẹ́ nígbà tó jẹ́ pé fáìlì dára. Hash tó ń yí padà lórí fáìlì kan náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án jẹ́ àmì tó lágbára. Ẹ wá mdsched nínú Start, ó máa tún ẹ̀rọ tàn kó sì dán RAM wò. Bí ẹ bá ti mú kí RAM tàbí prósẹ́sọ̀ máa sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, ẹ dá a padà sí ipò rẹ̀ kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Fún háàdì dísìkì, chkdsk C: /scan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ó ti wọlé, kò ṣí

Bí ó bá ní fáìlì DLL kan kò sí, orúkọ fáìlì yẹn ló máa sọ ohun tí ẹ nílò. d3dx9_43.dll: ẹ nílò DirectX End-User Runtimes ti June 2010 láti ọ̀dọ̀ Microsoft, kódà bí DirectX 12 bá wà lórí ẹ̀rọ yín, nítorí àwọn fáìlì àtijọ́ yẹn kò bá a wá. MSVCP100.dll: Visual C++ Redistributable ti 2010, láti ọ̀dọ̀ Microsoft náà. MSVCR110.dll: ti 2012. VCRUNTIME140.dll: ti 2015 sókè. Ẹ gbé x86 àti x64 méjèèjì sórí ẹ̀rọ, nítorí géèmù 32-bit ń fẹ́ x86 bí Windows bá tilẹ̀ jẹ́ 64-bit. Kí ẹ tó lọ dáńlóòdù, ẹ wo inú C:\Disiki: fódà tó ń jẹ́ Redist tàbí DirectX sábà máa ń wà níbẹ̀, setup ló fò ó. Ẹ má gba DLL kan ṣoṣo láti ibi tó ń pín DLL.

Géèmù tó ń béèrè DirectPlay tàbí .NET 3.5, inú Turn Windows features on or off ni méjèèjì wà. DirectPlay fara pamọ́ sábẹ́ Legacy Components. Compatibility mode wúlò níbi yìí, lórí fáìlì géèmù fúnra rẹ̀: ẹ dán Windows XP (Service Pack 3) wò fún èyí tó jáde ṣáájú 2007.

Bí géèmù bá ní kí ẹ fi dísìkì sí i nígbà tí ISO ti wà ní mount, ẹ kọ́kọ́ wò bóyá lẹ́tà dráìfù kan náà ni ẹ fi gbé e wọlé. Mount Windows máa ń pòórá bí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà, ó sì lè padà wá pẹ̀lú lẹ́tà mìíràn. Bí lẹ́tà bá bára mu tó ṣì ń kọ̀, ó lè jẹ́ SafeDisc, ohun tí wọ́n fi ń dènà ẹ̀dà ṣíṣe. Windows 10 jáde ní 2015 láìsí ìrànlọ́wọ́ kankan fún un, ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ni Microsoft sì pa secdrv.sys tó ń gbé e ró lórí Vista, 7, 8 àti 8.1, nítorí àléébù ààbò. Dísìkì gidi tí ẹ fi owó rà pàápàá kò ní ṣí. Ẹ má wá ọ̀nà láti dá secdrv padà. Ẹ wò ó bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe géèmù ti gbé àtúnṣe jáde tó yọ ọ́ kúrò, tàbí bóyá GOG tàbí Steam ń ta ẹ̀dà tuntun rẹ̀. Ó dùn mí pé ẹni tó ti rà á lẹ́ẹ̀kan ní láti tún un rà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí kò léwu nìyẹn.

Linux àti Mac

Lórí Linux:

sudo mount -o loop,ro ere.iso /mnt

lẹ́yìn náà ẹ fi Wine, ètò tó ń jẹ́ kí ètò Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, ṣí setup. Bí àwọn fáìlì kan bá fara pamọ́, ẹ fi unhide kún un lẹ́yìn ro. Bí setup bá béèrè dísìkì kejì tí umount ń sọ pé dráìfù ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, wine eject ló máa tú u sílẹ̀. Kí ẹ má sì wọ inú /mnt kí ẹ tó ṣí setup, ìyẹn gan-an ló sábà ń dì í mú.

Mac ń ṣe mount ISO bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n setup.exe jẹ́ ti Windows. Bó bá sì jẹ́ dísìkì Mac ni, ẹ mọ̀ pé láti Catalina, ní 2019, ni macOS ti kọ gbogbo ètò 32-bit sílẹ̀.

Bí géèmù bá ti ṣí tó sì ń ṣiṣẹ́, ẹ yan Eject fún ISO, kí ẹ pa C:\Disiki àti ohun tó wà nínú C:\Temp rẹ́, kí ẹ gba àyè yín padà. ISO fúnra rẹ̀ ni kí ẹ tọ́jú, pẹ̀lú hash rẹ̀ nínú fáìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tún géèmù ṣe tàbí kí ẹ fi apá kan kún un, setup máa béèrè rẹ̀.